Ìṣirò Olọ́rọ̀ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ìṣirò olọ́rọ̀ ni ìbéèrè ìṣirò tí a fi ọ̀rọ̀ gbé kalẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń béèrè kí ó tó mọ̀ bóyá ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ tàbí pínpín ni yóò lò. Ibi ìmọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kọsẹ̀. Òun náà ni George Pólya, onímọ̀ ìṣirò tí a bí ní Hungary, fi ṣe ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní nínú ìwé rẹ̀, How to Solve It, tí ó jáde ní 1945. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ètò, ìṣe àti àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e.

Àpẹẹrẹ kan wà ní Petit Marché, ọjà oúnjẹ tí ó wà láàárín ìlú Niamey, olú-ìlú Nìjẹ̀r. Fránkì CFA ni owó ibẹ̀, ṣùgbọ́n bí àwọn tí ń sọ Zarma tàbí Haúsá bá ń ná ọjà, dálà ni wọ́n fi ń ka owó, fránkì 5 sì ni dálà kan. Nítorí náà, zangu, tí í ṣe ọgọ́rùn-ún ní èdè Zarma, túmọ̀ sí fránkì 500 lẹ́nu ọlọ́jà. (Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà Yorùbá: lẹ́yìn tí Nàìjíríà bọ́ sórí náírà ní 1973, ṣílè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pe kọ́bọ̀ 10, wọ́n sì ń pe kọ́bọ̀ 5 ní sísì.)

Ká ní òkìtì tòmátì kan jẹ́ dálà 20. Oníbàárà ra òkìtì mẹ́ta, ó sì na fránkì 500 sí ọmọ tí ń bá ìyá rẹ̀ tajà. Ọmọ náà kò ní wá bébà. Ó mọ̀ pé dálà 60 ni ọjà, ó sì lè máa ka ṣéńjì sókè: 20 mú un dé 80, 20 mìíràn mú un dé 100. Ó dá dálà 40 padà, èyí tí í ṣe fránkì 200. Nígbà tí wọ́n bá bi í ní èdè Faransé ní kíláàsì pé kí ló ṣẹ́kù bí a bá ná 300 nínú 500, ó lè kọ 40 sílẹ̀. Olùkọ́ tí kò ronú kan dálà yóò kà á sí àṣìṣe, bẹ́ẹ̀ ìrònú ọmọ náà gún régé; òṣùwọ̀n ló yàtọ̀. Ohun tó yẹ kí olùkọ́ bi í ni pé, "40 kí ni?"

Ní Recife, ní Bràsíl, Terezinha Nunes Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann ṣe ìwádìí lórí àwọn ọmọ márùn-ún tí ń tajà, wọ́n sì gbé e jáde ní 1985. Ìdáhùn tí àwọn ọmọ náà gbà lójú ọjà lé ní 98 nínú 100; nínú ìṣirò olọ́rọ̀ orí ìwé, ó tó 74; nígbà tí ó ku nọ́ńbà lásán, ó já sí 37. Ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n bi ní iye àgbọn mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 35, kò fi òdo kún 35. Ó ń ka àgbọn ní mẹ́ta-mẹ́ta, ó sì dé 350.

Èdè pẹ̀lú kó ipa tirẹ̀. Ní 1970, Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan lábẹ́ Babs Fafunwa, nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn fún ọdún mẹ́fà gbáko. Nìjẹ̀r náà dá ilé-ẹ̀kọ́ ìdánwò kan sílẹ̀ ní Zinder ní 1973, tí ó ń fi Haúsá kọ́ni. Síbẹ̀, fífi èdè abínibí kọ́ni nìkan kò yanjú ọ̀ràn dálà, nítorí inú èdè abínibí gan-an ni dálà wà.

Olùkọ́ lè ní kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ tún ìbéèrè náà sọ, kí ó dárúkọ òṣùwọ̀n, kí ó sì fojú díwọ̀n ìdáhùn kí ó tó ṣírò. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ 100 − 60 = 40 àti 500 − 300 = 200 sójú pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ó sì bi kíláàsì léèrè ìdí tí méjèèjì fi tọ̀nà fún tòmátì kan náà. Àwọn ọmọ fúnra wọn ni yóò rí ìsọdipúpọ̀ márùn-ún tó wà láàárín wọn.