Ọmọ Èkó ló wà nínú awọ abàmì yẹn

Ẹni tó bá ti wo fíìmù "Alien" ti ọdún 1979 á rántí abàmì dúdú tó ń pa àwọn èèyàn inú ọkọ̀ òfuurufú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí rẹ̀ gùn lọ sẹ́yìn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, kò ní ẹyinjú, ẹnu kékeré mìíràn sì ń yọ jáde látinú ẹnu rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ló wà nínú awọ náà: Bọ́lájí Bádéjọ, tí wọ́n bí sí Èkó lọ́dún 1953.

Kì í ṣe òṣèré rárá. Iṣẹ́ ọnà ló ń kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kí ẹnì kan tó ń wá òṣèré fún fíìmù náà tó rí i ní ilé ọtí kan ní Soho. Ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 10 ni gíga rẹ̀. Ilẹ̀kùn ilé lásán ò gbà á lóòró. Ó tún tín-ín-rín, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn gbọọrọ. Irú ara bẹ́ẹ̀ gan-an ni Ridley Scott, olùdarí fíìmù náà, ń wá, torí kò fẹ́ kí òǹwòran wò ó lẹ́ẹ̀kan kó ní, "Ṣebí èèyàn ló kó rọ́bà wọ̀ yìí."

H. R. Giger, ọmọ Switzerland, ló ya àwòrán abàmì náà. Carlo Rambaldi, ará Ítálì, ló ṣe ẹ̀rọ tó ń mú ẹnu rẹ̀ là. Ìrù ńlá tó wà lẹ́yìn aṣọ ọ̀hún kò jẹ́ kí Bádéjọ lè jókòó sórí àga, ni wọ́n bá so ìjókòó kan rọ̀ fún un bíi jangirófà ọmọdé. Wọ́n tún ní kó lọ kọ́ tai chi àwọn ará Ṣáínà, àti bí wọ́n ṣe ń fi ara ṣeré láìsọ̀rọ̀, kí ìrìn rẹ̀ lè máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló ń bani lẹ́rù, lójú tèmi, ju eyín lọ. Níbi tó bá gba fífò tàbí síso rọ̀ lókè, Eddie Powell àti Roy Scammell ló ń wọ awọ náà dípò rẹ̀.

Giger, Rambaldi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gba Oscar. Bádéjọ kò ṣe fíìmù mìíràn mọ́. Ó padà sílé, ó ṣí ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà.

Bádéjọ ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Àbímọ́ ni àìsàn náà, tí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ń ká kọrọdọ bíi dòjé, ooru, òùngbẹ àti àárẹ̀ sì máa ń ru ú sókè. Ẹ wá wo ẹni tó ní i, tó wà nínú rọ́bà látorí dé ẹsẹ̀, lábẹ́ iná àwọn oníkámẹ́rà. Èkó ló kú sí ní oṣù Kejìlá ọdún 1992, ní ẹni ọdún 39.