Ọmọ Wa Obìnrin Àti Ọkọ Rẹ̀ Tí Í Ṣe Àlejò

Àwọn baba wa ní, ọmọ ẹni kò ní í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ohun tí òfin ilẹ̀ wa ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ìpín 26 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ pé obìnrin ilẹ̀ òkèèrè tí ọmọ Nàìjíríà gbé níyàwó lè forúkọ sílẹ̀ kí ó di ọmọ ilẹ̀ wa, bí ìwà rẹ̀ bá dára, tí ó fẹ́ fi ìhín ṣe ilé, tí ó sì búra. Kò fi àǹfààní náà fún ọkùnrin òkèèrè tí ó fẹ́ ọmọ wa obìnrin. Ìpín 27 ni ti irú ọkọ bẹ́ẹ̀, níbi tí àlejò gbogbo ti ní láti gbé ilẹ̀ yìí fún ọdún 15 kí ó tó lè bẹ̀bẹ̀. Físà lè mú un wọ̀lú. Kò lè sọ ọ́ di onílé.

Bí òṣìṣẹ́ kan ní Ìkẹjà bá fẹ́ ará Íńdíà, ọ̀nà là fún ìyàwó rẹ̀. Bí àbúrò rẹ̀ obìnrin, olùkọ́ ní Agége, bá fẹ́ ará Íńdíà, ọkọ tirẹ̀ di ẹni tí ń tún ìwé ìgbélùú ṣe lemọ́lemọ́. Ìyá kan náà ni ó bí àwọn méjèèjì.

Àwọn kan ń bẹ̀rù ìgbéyàwó èrú. Àwa pẹ̀lú kò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin ti lè ṣe èrú, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin lè ṣe é. Ìwádìí ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe ojúsàájú. Irú ojúsàájú yìí ni Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá Ìlú Ọba lẹ́bi fún ní ọdún 1985.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn aṣòfin ní Àbújá kọ àtúnṣe náà, àwọn obìnrin sì tú jáde láti fẹ̀hónú hàn. Nígbà tí a fọwọ́ sí àtúnṣe 16 ní ọdún 2023, kò sí lára wọn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ Àbújá ni. Bí Àbújá tilẹ̀ gbà, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 ni yóò fọwọ́ sí i kí ó tó di òfin, ọ̀kan nínú wọn sì wà ní Aláúsá. Nígbà tí aṣojú yín bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í léèrè ọ̀nà tí yóò dìbò sí nígbà tí ọ̀rọ̀ ọmọ wa obìnrin bá dé iwájú rẹ̀. Kí ó dáhùn kí ẹ tó dáhùn.