Ìyàwó kọ ọkọ, ṣùgbọ́n wọn ò dá orin dúró!

Oyún ńlá ló wà nínú Maybelle Carter, ọmọ ọdún 18, lọ́dún 1927, nígbà tó gbé gìtá rẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí Bristol, ìlú kan ní Tennessee l'Amẹ́ríkà. A.P. Carter, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló kó wọn lọ. Sara, ìyàwó A.P., gbé ọmọ ọwọ́ lẹ́sẹ̀. Ẹbí kan náà ni Sara àti Maybelle tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó tún jọ di ìyàwó ilé kan.

Ralph Peer ló ń wá olórin tí ilé-iṣẹ́ Victor máa gba ohùn wọn sínú àwo. 50 dọ́là ló ní òun máa san lórí orin kan, wọ́n sì kọ mẹ́fà. Owó ńlá ni fún àgbẹ̀ orí òkè Virginia! Bí Carter Family ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àwọn tó la ọ̀nà orin kọ́ńtírì tí Jim Reeves, tí Nàìjíríà mọ̀ bí ẹni mowó, wá rìn lẹ́yìn wọn.

Sara ló ń lé orin. Maybelle ń fi àtàńpàkò ta ohùn orin lórí okùn tó nípọn, ìka yòókù á máa gbá okùn tín-ín-rín. Ẹni bá gbọ́ ọ á rò pé gìtá méjì ni. A.P. ní tiẹ̀ ń rìn káàkiri abúlé, ó ń wá orin àtijọ́. Lesley Riddle, aláwọ̀ dúdú kan tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan, ló ń bá a lọ: A.P. á kọ ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀, Riddle á fi orí gbé ohùn rẹ̀ wálé. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n wọn ò ka Riddle mọ́ ẹgbẹ́.

Ìrìn-àjò yìí náà ló da ilé rú. Nígbà tí baálé ò gbélé, tí Sara nìkan ń ṣe wàhálà oko àtọmọ, ìfẹ́ wọ àárín òun àti Coy Bayes, ìbátan A.P. fúnra rẹ̀. Àwọn ẹbí Bayes kó lọ sí California. Lọ́dún 1933 Sara kó kúrò nílé ọkọ. Nígbà tó di 1936, ilé ẹjọ́ tú wọn ká.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò dúró. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ dá a wò: kéèyàn máa kọrin ìfẹ́ pẹ̀lú ọkọ tó ti kọ̀!

Lọ́dún 1938 wọ́n gba iṣẹ́ ní rédíò XERA, lẹ́bàá ààlà Mẹ́síkò. Brinkley ló ni í, dókítà tó ń rán ẹpọ̀n òbúkọ sínú ọkùnrin pé kí wọ́n lè ṣe ọkùnrin. Ẹ sáà máa rẹ́rìn-ín! Rédíò náà lágbára dé California. Wọ́n ní orí ẹ̀ ni Sara ti fi orin kan ránṣẹ́ sí Coy. Lọ́dún 1939, ó fẹ́ ẹ.

Lọ́dún 1943, ẹgbẹ́ tú ká. Sara gba California lọ, A.P. padà sábúlé, ó ṣí ìsọ̀. Maybelle ni ò jókòó. Ó kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta, Helen (oyún ọjọ́ Bristol nìyẹn), June àti Anita, ó sọ wọ́n di ẹgbẹ́ tuntun. Lọ́dún 1950 wọ́n dé Grand Ole Opry ní Nashville, Chet Atkins ń ta gìtá fún wọn. June ló wá fẹ́ Johnny Cash lọ́dún 1968.

A.P. kú lọ́dún 1960. Maybelle tẹ̀lé e lọ́dún 1978, Sara lóṣù kìn-ín-ní 1979. California kọ́ ni wọ́n sin Sara sí. Wọ́n gbé e padà sí Virginia, sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà tí wọ́n sin A.P. sí.