Ẹ́sì mọ́tò tó ń jò: Ohun tẹ́ ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe, àti ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti jẹ́ kí oníṣẹ́ bọ́ sí i

Ẹni tó bá ń fi mọ́tò gbé kéèkì, oògùn tàbí oníbàárà kiri láàárín Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ mọ̀ pé ẹ́sì mọ́tò kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Bí tírélà bá dá èèyàn dúró ní Wharf Road lọ́sàn-án gangan, òun ló ń gba ọjà sílẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí kò bá ti fẹ́ tútù mọ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rọ gáàsì lẹ́bàá títì ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń sáré gbà lọ. Wọ́n á rọ ọ́, á tutù. Kí oṣù méjì tó pé, ooru á tún ti dé.

Gáàsì ẹ́sì kì í jóná bíi bẹntiróòlù. Inú páìpù ló ń yí ká: kọ̀mpírẹ́sọ̀ á fún un pọ̀, ooru ara rẹ̀ á jáde níwájú rédíétọ̀, á wá lọ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lọ fa ooru inú mọ́tò. Lóòótọ́, ó lè dín díẹ̀ láàárín ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n èyí tó bá tán láàárín oṣù méjì, ó ń jò ni. Ká ní ₦15,000 ni wọ́n ń gbà, ẹni tó bá ń rọ ọ́ lóṣù méjì méjì ti ná ₦90,000 lọ́dún, ibi tó ń jò ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé gáàsì yìí ló ń gbé òróró kọ̀mpírẹ́sọ̀ kiri. Bó bá ti ń jò, òróró náà ń bá a lọ. Bí òróró bá wá tán, kọ̀mpírẹ́sọ̀ á lọ ara rẹ̀ bàjẹ́, ọ̀rọ̀ á di ká lọ ra òmíràn ní Ládípọ̀.

Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, àwọn nǹkan kan wà tẹ́ ẹ lè yẹ̀ wò fúnra yín. Omi tó mọ́ tó ń kán lábẹ́ mọ́tò kì í ṣe jíjò rárá; ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Èkó ló di omi, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín nítorí rẹ̀. Ẹ wo fíùsì, ẹ wò ó bóyá fáànù rédíétọ̀ ń yí. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí gbogbo oríkèé páìpù ẹ́sì. Níbi tí òróró bá ti rin, tí eruku sì lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fura sí i. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún. Bí gáàsì bá ṣì kù nínú rẹ̀, ó lè máa hó. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀.

Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi í mọ. Ẹ má ṣe fi sípánà kàn án. R134a, gáàsì tó wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò wa, máa ń hó ní ìwọ̀n 26 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá tú sí èèyàn lójú, ó lè fọ́ ojú. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ti wọ páìpù, ọ̀rinrin tó bá a wọlé yóò máa jẹ irin inú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde ló ń yọ ọ́, ó sì yẹ kó ṣiṣẹ́ tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ yóò fi nitrogen dán páìpù wò, yóò pààrọ̀ òrùka rọ́bà tó ti gbó, yóò fa afẹ́fẹ́ jáde, yóò wá wọn gáàsì lórí òṣùwọ̀n. Iye gíráàmù tí mọ́tò ń gbà sábà máa ń wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó kàn ń fọwọ́ kan páìpù, tó ní "ó ti tó," ẹ yáa wá ẹlòmíràn. Ti oògùn inú agolo tí wọ́n ní ó ń dí ibi tó ń jò ńkọ́? Ó lè dí ihò kékeré lóòótọ́, ó sì lè dí ọ̀nà tóóró tí gáàsì ń gbà kọjá pẹ̀lú. Èmi kò ní fi sí mọ́tò tí mo fi ń jẹun.

Ẹ tún kíyè sí irú gáàsì, pàápàá bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba èbúté Tin Can wọlé. Láti ọdún 2017 ni ilẹ̀ Yúróòpù kò ti gba R134a láàyè nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun mọ́. R1234yf ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, ó sì wọ́n jù ú lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n po méjèèjì pọ̀.

Ayédèrú gáàsì tún burú ju àdàlù lọ. Lọ́dún 2011, àwọn kọ̀ǹténà tó ń mú ọjà tutù, tí wọ́n ti tún ṣe ní Vietnam, bú gbàù, òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló kú. Ayédèrú R134a tí methyl chloride wà nínú rẹ̀ ni wọ́n rọ sí wọn. Kẹ́míkà yìí máa ń bá álúmíníọ́ọ̀mù inú kọ̀mpírẹ́sọ̀ jà, ohun tó ń tibẹ̀ jáde sì ń gbiná bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án. Irú kọ̀ǹténà bẹ́ẹ̀ ń wọ èbúté Àpápá, álúmíníọ́ọ̀mù sì wà nínú ẹ́sì mọ́tò náà. Ẹ ní kí oníṣẹ́ fi sílíńdà gáàsì hàn yín, kó kọ irú gáàsì, iye gíráàmù àti ibi tó jò sínú rìsíìtì. Bó bá tún jò láàárín oṣù kan, ìwé yẹn lẹ máa mú padà lọ bá a.