Alága Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ìjókòó Sọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ ara mi ni mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ìtìjú wà nínú rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá fi í pamọ́, ta ni yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀?

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa fi mí ṣe alága. Aláṣọ ló pọ̀ jù nínú wa, tíṣà mẹ́fà sì wà pẹ̀lú wa. Bí mo ti dé orí àga ni ẹnu mi gùn. Èmi ni mo ń ṣí ìpàdé, èmi ni mo ń sọ ohun tó wà ńlẹ̀, èmi náà ni mo ń sọ èrò mi lórí rẹ̀, n óò sì tún bá àwọn ẹlòmíràn sọ èrò tiwọn kí wọ́n tó la ẹnu. Bí mo bá parí, n óò bèèrè pé, “Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́?” Gbogbo ìjókòó á ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Alága!” Mo rò pé ìfẹ́ ni. Mo ń lọ sílé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè.

Nígbà tó yá, owó wa tó ilẹ̀ rà, tí a ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí. Ẹnì kan fi ilẹ̀ kan hàn mí lẹ́yìn ọjà. Ó tẹ́jú bí ẹní, ó sún mọ́ títì, owó rẹ̀ kò sì gani lára. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà nígbà náà. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé, ó sì tó wákàtí kan tí mo fi ń yin ilẹ̀. Ìyá àgbà kan wà láàárín wa tí ń ta àdìrẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá yìí na ọwọ́ sókè. Lẹ́ẹ̀kínní mo ní, “Ìyá, ẹ ní sùúrù, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.” Lẹ́ẹ̀kejì mo ní, “Ìyá, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mà lèyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aró.” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, kò sì sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi túká.

A san owó. Òjò oṣù kẹfà dé. Ẹ̀yin ará, odò la rà! Omi tó ń ti òkè ọjà ṣàn bọ̀ kún ilẹ̀ náà dé orúnkún, búlọ́ọ̀kù tí a ti kó síbẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀, a ò sì rí ẹni tó tà á fún wa mọ́. Owó tí àwọn èèyàn fi ọdún mẹ́ta tu jọ díẹ̀díẹ̀ ló bá omi lọ. Opó wà nínú wọn. Ẹni tó fẹ́ fi tirẹ̀ san owó ilé-ìwé ọmọ wà nínú wọn.

Mo lọ bá Ìyá nílé, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Ìyá, kí lẹ fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà?” Wọ́n ní, “Alága, àdúgbò yẹn ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ibẹ̀ la ti ń pọn omi aró.” Mo ní kí ló dé tí wọn kò fi tẹnu mọ́ ọn. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ṣé ẹ bi mí ni?” Bí wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀ nìyẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè àlàáfíà àwọn ọmọ mi.

Ọ̀kan nínú àwọn tíṣà wa ló yá mi ní ìwé tí Nelson Mandela kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, èyí tó jáde ní 1994. Mandela sọ níbẹ̀ nípa Jongintaba, adelé ọba àwọn Thembu ní Gúúsù Áfíríkà, tó tọ́ ọ dàgbà ní Mqhekezweni. Bí wọ́n bá pe ìpàdé, adelé ọba yóò dìde, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá, yóò sọ ìdí tí òun fi pè wọ́n, ó tán. Kò ní sọ gbólóhùn kan mọ́ títí ìpàdé yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ìjòyè á sọ tirẹ̀, àgbẹ̀ á sọ tirẹ̀, oníṣòwò á sọ tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu. Àwọn mìíràn á dá adelé ọba fúnra rẹ̀ lẹ́bi lójú ara rẹ̀, kò ní gbèjà ara rẹ̀. Ìparí ni yóò tó kó ohun tí gbogbo wọn ti sọ jọ. Bí ohùn wọn kò bá ṣọ̀kan, wọn yóò tún pe ìpàdé mìíràn. Mandela ní ohun tí òun rí níbẹ̀ ni òun ń tẹ̀lé nígbà tí òun náà di aṣáájú. (Àwọn ọkùnrin nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ o, Mandela kò sì fi èyí pamọ́. Ìyá aláàdìrẹ wa kì bá tí ráyè níbẹ̀ rárá!)

Ẹ má sì rò pé àwa ará ọjà nìkan ló ń ṣe irú àṣìṣe mi. Ní oṣù kẹrin 1961, John Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà, gbà kí àwọn ọmọ Kúbà bíi 1,400 tó ti sá kúrò nílùú wọn padà lọ gbógun ti Fidel Castro. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí ogun náà fi fọ́. Wọ́n mú èyí tó ju 1,100 nínú wọn. Arthur Schlesinger, ọ̀kan nínú àwọn olùdámọ̀ràn Kennedy, kò fara mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé òun kábàámọ̀ bí òun ti dákẹ́ nínú ìpàdé. Nígbà tí ọ̀ràn Kúbà tún le ní oṣù kẹwàá 1962, tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù ogun àdó olóró, Kennedy a máa mọ̀ọ́mọ̀ fi ìpàdé sílẹ̀ nígbà mìíràn, kí àwọn tó kù lè sọ̀rọ̀ láìwo ojú òun.

Èmi kò lè fi ìpàdé sílẹ̀ ní tèmi; wọn ìbá ní mo sá fún gbèsè. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ní kí akọ̀wé ka ohun tó wà ńlẹ̀, mo sì ní èmi ni n óò sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Mo ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kéré jù, nítorí bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ tán, ọmọdé wo ni yóò ta kò ó? Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Wọn kò gbà mí gbọ́. Ẹ ò mọ bí ìdákẹ́jẹ́ ti ń dun alága! Mo fi eyín di ètè. Kò pẹ́ ni arákùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ gùn ju tèmi lọ gba ọ̀rọ̀, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ la ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì títí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò fi sọ tirẹ̀. Dípò “Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́?” mo wá ń bèèrè pé, “Kí ni ojú wa kò tíì tó níbẹ̀?”

Ọmọbìnrin kan tí ń ran aṣọ, tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti wọ ẹgbẹ́, ló rọra dìde. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ilẹ̀ olómi kọ́ ni àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ń wá?” A wo ara wa lójú. Àwọn ológbà ẹ̀fọ́ ló wà lórí ilẹ̀ náà títí di òní, wọ́n ń san owó fún wa lọ́dọọdún. Owó náà kò tíì dí ihò tí mo gbẹ́. Ó kù púpọ̀.

Ìyá aláàdìrẹ ló ń jókòó sí iwájú báyìí. Ní ìpàdé tó kọjá, ọ̀rọ̀ gọ́tà la ń sọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbéyàwó ìyá wọn. Mo wo aago, mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó dé ibi gọ́tà. Mo mú gègé, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀.