Ẹni tó Fẹ́ Padà sí Ìjọ Àgùdà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá jẹ mọ́ àwọn kan tó wà láàárín wa tí a kì í sábà dárúkọ: àwọn tí a ṣe ìrìbọmi fún ní kékeré nínú Ìjọ Àgùdà, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ wọn kò kan Mísà mọ́ láti ogún ọdún. Bí àìsàn bá dé, tàbí bí òbí wọn bá kú, ọkàn wọn a máa fà sílé, ṣùgbọ́n wọn kì í mọ ibi tí wọn yóò gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí bí Ìjọ yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Àgùdà ni àwọn baba wa ń pe àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà sí Èkó, orúkọ náà ló sì wá kan gbogbo ọmọ Ìjọ Kátólíìkì nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí Fadá Borghero dé Èkó lọ́dún 1863, ó bá wọn níbẹ̀ láìní àlùfáà. Ọkùnrin kan tó ti ṣe ẹrú rí, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ló ń kó wọn jọ fún àdúrà, tó sì ń ṣe ìrìbọmi fún àwọn ọmọ wọn. Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Padre yẹn, kì í ṣe àlùfáà rárá! Ọdún 1868 ni àwọn àlùfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí kalẹ̀ ní Èkó. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí kò joyè kankan ló gbé Ìjọ ró títí wọ́n fi dé.

Ǹjẹ́ kí ni ẹni tó fẹ́ padà yóò ṣe? A kì í ṣe ìrìbọmi lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà kò sí pé à ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Yóò lọ bá Fadá, yóò sì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ibí yìí ni ẹ̀rù ti ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá ní ìlú tí gbogbo wa ti mọ ilé ara wa. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ yóò dé ọjà. Kò lè dé ọjà. Òfin Ìjọ le lórí èyí tó bẹ́ẹ̀ tí àlùfáà tó bá mọ̀ọ́mọ̀ tú àṣírí ẹni tó jẹ́wọ́ fún un ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú Ìjọ lójú ẹsẹ̀. Bí ojú bá sì ń ti ẹnìkan síbẹ̀, Òṣogbo kò jìnnà. Kí ó lọ bá Fadá tí kò mọ̀ ọ́n rí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ni ti ìgbéyàwó. Bàbá kan ti fẹ́ ìyàwó kejì, tàbí ìyá kan ti fi ọkọ tó fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n mọ̀ pé Fadá kò ní fún àwọn ní Kòmúníọ̀, wọ́n bá kúkú jókòó sílé. Àṣìṣe ńlá nìyí. Lọ́dún 1981, Póòpù John Paul Kejì kọ̀wé nípa àwọn tó kọ ara wọn sílẹ̀ tí wọ́n sì fẹ́ ẹlòmíràn. Ó ní kí wọ́n má ṣe ka ara wọn sí ẹni tí Ìjọ lé jáde: kí wọ́n máa wá sí Mísà, kí wọ́n máa gbàdúrà, kí wọ́n tọ́ ọmọ wọn nínú ìgbàgbọ́, kí wọ́n sì máa ṣe iṣẹ́ àánú. Lójú tèmi, ìmọ̀ràn yìí wúlò fún baba olóbìnrin méjì náà. Kí ó lọ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ hàn Fadá, kò sí ẹni tó ní kó jókòó sílé.

Iṣẹ́ àánú tí Póòpù dárúkọ yẹn kì í ṣe owó ìtanràn. Ẹni tó ń bọ́ tálákà kò tipa bẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìjẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró títí ọkàn rẹ̀ yóò fi gbóná kó tó bẹ̀rẹ̀, torí nígbà mìíràn ọwọ́ ní í mú ọkàn padà. Ẹ gbọ́ nípa Frederic Ozanam. Lyon ní ilẹ̀ Faransé ló ti dàgbà, ìlú kan náà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àwọn Fadá tó wá sọ́dọ̀ wa sílẹ̀ lọ́dún 1856. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, iyèméjì dà á láàmú gan-an. Nígbà tó di akẹ́kọ̀ọ́ ní Paris, àwọn tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ bi òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, Ìjọ yín ṣe iṣẹ́ ńlá láyé àtijọ́, kí lẹ wá ń ṣe nísinsìnyí? Wọn kò fi ìwé dá a lóhùn. Ìtàn sọ pé igi ìdáná tirẹ̀ ni Ozanam kọ́kọ́ gbé lọ fún tálákà. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ St. Vincent de Paul sílẹ̀ lọ́dún 1833. Ẹgbẹ́ náà wà nílẹ̀ wa pẹ̀lú. Iṣẹ́ wọn ni láti máa bẹ tálákà wò nínú ilé rẹ̀.

Ní Ẹdẹ, ta ni tálákà náà? Láti ayé Tìmì Lágúnjú, ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, ni Ìsìláàmù ti rinlẹ̀ níbẹ̀. Tìmì Láoyè, tó jọba láti 1946 títí di 1975, sì jẹ́ ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi. Nínú agbo ilé kan náà la ti ń rí Àlùfáà Mùsùlùmí, Kristẹni àti abọ̀rìṣà. Aládùúgbò tí ebi ń pa lè má jẹ́ ọmọ Ìjọ rárá, a kò sì gbọdọ̀ fi oúnjẹ ṣe ìwọ̀ láti fà á wá. Lọ́dún 1895 tí Fadá Coquard dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lantoro, l'Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tọ́jú kò mọ àmì àgbélébùú.

Méje ni Ìjọ ka iṣẹ́ àánú ti ara sí. Mẹ́fà wà nínú ìwé Mátíù: oúnjẹ fún ẹni ebi ń pa, omi, aṣọ, ilé fún àlejò, bíbẹ aláìsàn wò àti bíbẹ ẹlẹ́wọ̀n wò. Ìkeje, sísin òkú, wá láti inú ìwé Tóbítì. Bí Mùsùlùmí bá kú láàárọ̀ ní àdúgbò, wọ́n lè ti sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Kò sí àyè ìpàdé. Ẹni tó ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lè gbé bẹ́ńṣì rẹ̀ síta fún àwọn tó wá kí wọn, kí ó pọn omi, kí ó sì gba àwọn ọmọ kéékèèké sọ́dọ̀. Tó bá di Sátidé, kí ó lọ bá Fadá kí Mísà ọjọ́ Àìkú tó dé.