Làákàyè àti Ìmọ̀lára nínú Ìgbàgbọ́ Kristẹni

Làákàyè ni agbára tí ènìyàn fi ń ronú, tí ó sì fi ń wá ìdí ọ̀rọ̀. Ìmọ̀lára ni ayọ̀, ẹ̀rù, ìbànújẹ́ àti ìfẹ́ tí ń ru sókè nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn Kristẹni ti ń jiyàn lórí èyí tí ó yẹ kí ó ṣíwájú. Èdè Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ là wọ́n níyà: inú kan náà tí ń dùn tí ó sì ń bàjẹ́ ni ọgbọ́n inú ń gbé.

Ní Niger Delta, ọ̀rọ̀ yìí di ìjà gidi. Ìjọ Áńgílíkà ibẹ̀, Niger Delta Pastorate, ka ẹ̀kọ́ sí púpọ̀. Kí a tó ri àgbàlagbà bọmi, ó gbọ́dọ̀ kọ́ katikísímù, kí ó sì mọ Àdúrà Olúwa àti Òfin Mẹ́wàá lórí. Èdè Igbo ni wọ́n fi ń kọ́ni, àní láàárín àwọn Kalabari tí èdè tiwọn yàtọ̀. Ènìyàn lè dáhùn gbogbo ìbéèrè lọ́nà bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

Garrick Sokari Braide, ọmọ Bakana, la ẹ̀kọ́ yìí já. Wọ́n rì í bọmi ní 1910; ní 1912, Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson gbé ọwọ́ lé e lórí. Àdúrà àti ààwẹ̀ ni ó gba ọkàn rẹ̀. Nígbà tí ó fi di 1915, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń wọ́ tọ̀ ọ́ lọ fún ìwòsàn. Wọ́n ń kó ère àti oògùn wọn dànù, wọ́n sì ń jáwọ́ nínú ọtí, títí owó ibodè tí ìjọba ń rí lórí jíìnì fi dínkù.

Yóò rọrùn láti pe Johnson ní aláròjinlẹ̀, kí a sì pe Braide ní ẹni tí ìmọ̀lára ń gbé kiri, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Johnson, tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ni àwọn ènìyàn ń pè ní Johnson Mímọ́ nítorí ìfọkànsìn rẹ̀. Iṣẹ́ tí Braide sì ń jẹ́ kò rú ẹnikẹ́ni lójú: Ọlọ́run kan, kò sí òrìṣà, kò sí ọtí. Orúkọ Èlíjà Kejì tí Braide ń jẹ́, àti omi ìwẹ̀ rẹ̀ tí àwọn kan ń bù lọ fi ṣe ìwòsàn, wà lára ohun tí Johnson kò lè gbà. Ìbéèrè rẹ̀ tọ́: ta ni yóò yẹ ìgbóná ọkàn wò bí kò bá sí ẹ̀kọ́? Ṣùgbọ́n ìjọ tí ó ní ẹ̀kọ́ náà kò fi èdè àwọn ènìyàn kọ́ wọn.

Ní 1916, ìjọba mú Braide, wọ́n sì fi í sẹ́wọ̀n. Lọ́dún yẹn kan náà ni àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ dá Christ Army Church sílẹ̀. Johnson kú ní 1917, Braide ní 1918.